Títo ètò ẹ̀kọ́ dìgírì IT (Information Technology) ní yunifásítì Nàìjíríà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ la kọ èyí fún, àti olórí ẹ̀ka tí wọ́n ní kó mú ìwé wá kí oṣù tó parí, àti òbí tó fẹ́ mọ ohun tí ọmọ òun yóò fi odidi ọdún mẹ́rin kọ́. Mo ti jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ kọ́ọ̀sì la máa ń kọ́kọ́ jà lé lórí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wákàtí tó wà nínú yàrá kọ̀ǹpútà ló yẹ ká kọ́kọ́ kà. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ta ló ni àṣẹ lórí ètò ẹ̀kọ́ yìí, ṣé NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, ni àbí yunifásítì fúnra rẹ̀?

Àwọn méjèèjì ló jọ ni ín. Láyé BMAS, ìwé ìlànà tí NUC ń lò tẹ́lẹ̀, ìwé náà ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀ka yóò kọ́, ẹ̀ka a wá fi díẹ̀ lé e. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, NUC gbé CCMAS jáde dípò rẹ̀, wọ́n sì ní kí yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Nínú CCMAS, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti NUC, ẹ ò lè yọ ọ́. Ìdá 30 tó kù wà lọ́wọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀. Nínú CCMAS yìí, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò sí lábẹ́ sáyẹ́ǹsì, agboolé tó dá dúró ni, tí IT, Computer Science, Cybersecurity, Software Engineering, Information Systems àti Data Science wà nínú rẹ̀, kálukú pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba JAMB wọ 100 level gbọ́dọ̀ ṣe yúníìtì 120, ó kéré tán, láàárín ọdún mẹ́rin. Ìdá 30 nínú 120 jẹ́ 36, ìyẹn kọ́ọ̀sì méjìlá tó ní yúníìtì mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó bá ń sọ pé NUC ò fi àyè sílẹ̀ fún òun, ẹ ní kó gbé kalikulétọ̀ rẹ̀ wá.

Kí ló ya IT sọ́tọ̀ sí Computer Science? Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni?

Rárá o. Ìwé tí ACM àti IEEE Computer Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lágbàáyé, jọ gbé jáde ní 2005 ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sí márùn-ún: ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, Computer Science, Information Systems, IT àti Software Engineering. Láti ìgbà náà ni IT ti ní ìwé ìtọ́sọ́nà tirẹ̀, àkọ́kọ́ ní 2008, èyí tó tẹ̀ lé e ní 2017.

Ẹ wo ilé ìwòsàn ìjọba kan tó fẹ́ kó fáìlì aláìsàn sórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó kọ́ Computer Science ni yóò ronú lórí bí wọ́n ṣe máa wá orúkọ kan rí kíá láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tó kọ́ IT ni yóò béèrè pé: tí iná bá lọ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, báwo ni wọ́ọ̀dù mẹ́ta yóò ṣe máa rí fáìlì kan náà? Ta ló ní àṣẹ láti wo èsì àyẹ̀wò? Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fi bírò kọ̀wé fún ogún ọdún, ta ló máa kọ́ wọn lò ó, kí wọ́n má baà padà sídìí ìwé lọ́sẹ̀ kejì? Iṣẹ́ IT ni yíyan ẹ̀rọ àti sọ́fítíwíà, síso wọ́n pọ̀, dídáàbò bò wọ́n, àti bíbójú tó wọn fún àwọn èèyàn tó ń lò wọ́n. Tí ètò ẹ̀kọ́ yín ò bá fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn náà, Computer Science tí wọ́n yọ ìṣirò rẹ̀ kúrò lẹ tò, kò sì ní wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Kí òbí má bẹ̀rù tó bá rí i pé 100 level àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara mu. COS 101 (kọ̀ǹpútà), MTH 101 (ìṣirò), PHY 101 (físíìsì), STA 111 (sítátísíìkì) àti GST 111 (kọ́ọ̀sì gbogbogbòò) wà fún gbogbo wọn. Ní 200 level ni ọ̀nà ti ń pín.

Níbo gan-an ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ní yàrá kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú bírò àti ìwé. Mo mọ̀ pé ìwé púpọ̀ ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìran àti àfojúsùn ẹ̀ka. Ìyẹn ò burú, àmọ́ àfojúsùn kì í sọ fún yín pé àga ò ní tó.

Nínú ìwé NUC, ẹ óò rí LH àti PH lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. LH ni wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, PH ni wákàtí iṣẹ́ àfọwọ́ṣe. Wákàtí 15 ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló jẹ́ yúníìtì kan, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, wákàtí 45 ló jẹ́ yúníìtì kan. Torí náà COS 201, kọ́ọ̀sì kíkọ kóòdù tó jẹ́ yúníìtì mẹ́ta, ní LH 30 àti PH 45. Ẹ pín 45 sí ọ̀sẹ̀ 15, wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fún kọ́ọ̀sì yẹn nìkan.

Ó yá, ẹ fi ojú inú wo ẹ̀ka tó gba akẹ́kọ̀ọ́ 200 sí ìpele kan, tó sì ní kọ̀ǹpútà 40 tó ń ṣiṣẹ́. (Mo ní tó ń ṣiṣẹ́, mi ò sọ èyí tó wà nínú ìwé ilé ìṣúra.) Ọ̀wọ́ márùn-ún nìyẹn. Ọ̀wọ́ márùn-ún lọ́nà wákàtí mẹ́ta jẹ́ wákàtí 15 lọ́sẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Tí 200 level bá ní irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ní sẹ̀mẹ́sítà kan, ó di wákàtí 45. Yàrá tí wọ́n ń ṣí ní aago mẹ́jọ tí wọ́n ń tì ní aago mẹ́rin, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, wákàtí 40 péré ló ní. A ò sì tíì yọ àkókò Jímọ̀ kúrò, a ò tíì dárúkọ 300 level àti 400 level.

Bí yàrá ṣe ń kún ni ẹ óò ṣe rí i pé olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kóòdù sójú pátákó, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dà á kọ sínú ìwé. Nígbà tó bá di ìdánwò, wọ́n á kọ ọ́ jáde bí ẹni ń ka Sáàmù, wọ́n á gba A, kò sì ní sí ẹni tó lè mú un ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ. Kò sí orúkọ kọ́ọ̀sì tó lè wo àìsàn yìí sàn.

A ti ṣírò rẹ̀, kọ̀ǹpútà ò tó. Kí ni ṣíṣe?

Ọ̀nà mélòó kan wà, kò sì sí èyí tó dùn nínú wọn. Ẹ lè dín iye tí ẹ ń gbà wọlé kù, èyí tí àwọn aláṣẹ kì í fẹ́ gbọ́. Ẹ lè ṣí yàrá dé alẹ́ àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó bá jẹ́ pé ẹ ní ẹni tó máa dúró tì í, tí ààbò sì wà lójú ọ̀nà fún àwọn ọmọbìnrin tó ń padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹ lè tú àwọn kọ́ọ̀sì tó nílò yàrá ká sí sẹ̀mẹ́sítà méjèèjì, dípò kí gbogbo wọn ṣù jọ sínú ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn yìí ò ná yín ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń gbàgbé jù.

Laptop akẹ́kọ̀ọ́ náà ń ṣèrànwọ́, kìkì kí ẹ má ṣe sọ ọ́ di dandan láìní èyí tí ẹ máa yá àwọn tí òbí wọn ò lè rà. Ẹ yan irinṣẹ́ tí kò gba owó, tí kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà: Linux nínú VirtualBox, PostgreSQL, Python, Packet Tracer ti Cisco fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ dà wọ́n sórí sáfà kan ṣoṣo nínú ẹ̀ka, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbà á níbẹ̀ dípò kó máa fi dátà rẹ̀ ṣòfò.

Ti iná ńkọ́? Láti ìgbà tí owó iná Band A ti fò sókè ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, kò bọ́gbọ́n mu kí ètò ẹ̀kọ́ gbára lé NEPA nìkan. Ẹ kọ owó sólà sínú ìwé tí ẹ ń gbé lọ sí Sẹ́nétì yunifásítì, lójú ewé kan náà tí ẹ kọ kọ́ọ̀sì sí.

Kí la máa fi ìdá 30 tiwa kọ́?

Ibí gan-an ni ẹ̀ka ti ń fi orí pípé rẹ̀ hàn, tàbí tó ti ń dójú ti ara rẹ̀. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ yóò ka àwọn orúkọ tó ń jà ràn-ìn lórí Twitter lọ́dún yẹn: blockchain, metaverse, quantum. Wọ́n á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, olùkọ́ tó ń ṣe blockchain ti japa lọ sí Kánádà, kọ́ọ̀sì ṣì wà nínú ìwé, ẹni tó ń kọ́ ọ sì ń ka síláìdì ẹlòmíì.

Ohun tí mo máa ń gbà wọ́n níyànjú ni pé kí wọ́n mú ọ̀nà méjì péré, kí kálukú ní kọ́ọ̀sì mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ń gun orí ara wọn láti 200 level dé 400 level. Kí olùkọ́ méjì, ó kéré tán, lè kọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí àìsàn, ìrìn àjò àti japa. Kí ọ̀nà náà sì bá ilẹ̀ tí ẹ wà mu. Yunifásítì tó wà nítòsí Ìbàdàn ní IITA (ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀) àti UCH (ilé ìwòsàn ńlá) ní tòsí. Dátà oko àti dátà ìlera ò jìnnà sí i. Èyí tó wà nítòsí Yábàá ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi sọ́fítíwíà gba owó àti san owó. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó kọ kọ́ọ̀sì, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá ń wá ibi SIWES, ìyẹn ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́.

Kọ́ọ̀sì kan wà tí mo rò pé gbogbo yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá lè ní, bẹ́ẹ̀ èyí tó ní in ò wọ́pọ̀: bí kọ̀ǹpútà ṣe ń mú èdè wa. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ to ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe ń tò ó: ga, gé, gún, gbà. Lójú wa, gb jẹ́ lẹ́tà kan tó tẹ̀ lé g, torí náà gbà ló kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó fi kọ̀ǹpútà tò ó láìṣe nǹkan kan sí i, gbà á bọ́ sáàárín ga àti gé. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó wá ọ̀rọ̀ náà ọjọ́ nínú dátábéèsì. Ó lè rí mẹ́ta tó jọra lójú bí ìbejì, kí kọ̀ǹpútà sì ní ọ̀kan ṣoṣo lòun rí. Ìdí ni pé Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́ tó ní àmì lókè àti lábẹ́. Èèyàn lè kọ́kọ́ tẹ àmì ìsàlẹ̀, ó lè kọ́kọ́ tẹ ti òkè, ó sì lè lo ọ tí àmì ìsàlẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ kó wá fi ti òkè lé e. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ kóòdù tó sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti kọ́ Unicode, ìtòlẹ́sẹẹsẹ, ìwákiri nínú dátábéèsì àti bí wọ́n ṣe ń dán sọ́fítíwíà wò, lórí ìṣòro tí báńkì àti ilé ìwòsàn ń bá orúkọ àwọn èèyàn wa fà lójoojúmọ́.

Python ni ká fi bẹ̀rẹ̀ ni àbí C?

Èyíkéyìí. Python rọrùn fún ẹni tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wọlé sì nìyẹn. Ohun tó ń da ọmọ rú ni kí olùkọ́ COS 101 fi Python kọ́ ọ, kí ti COS 201 ní C lòun mọ̀, kí ẹni tó tún gbà á ní COS 202 lo Java. Ẹ yan ọ̀kan fún ọdún méjì àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé, kó má ṣe jẹ́ ìfẹ́ inú olùkọ́.

Ìṣirò mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ IT nílò?

MTH 101 àti MTH 102 jẹ́ dandan. Lẹ́yìn ìyẹn, tiwọn ni ìmọ̀ ọgbọ́n orí oníṣirò, sẹ́ẹ̀tì, gíráàfù àti sítátísíìkì ju kálíkúlọ́ọ̀sì lọ. Tí ẹ bá máa fi ìṣirò kún ìdá 30 yín, sítátísíìkì ni kó jẹ́.

Kọ́ọ̀sì wo ló gbọ́dọ̀ ṣáájú èwo?

Ìbéèrè yìí ń ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ jẹ́ tí wọn ò bá rò ó dáadáa. Ká ní ẹ kọ ọ́ pé COS 101 ló ṣáájú COS 102, òun ló ṣáájú COS 201, òun ló ṣáájú COS 202, ìyẹn ló ṣáájú dátábéèsì, dátábéèsì ló ṣáájú kọ́ọ̀sì wẹ́ẹ̀bù, kọ́ọ̀sì wẹ́ẹ̀bù ló ṣáájú próójẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tó bá gba F nínú COS 201 yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é. Gbogbo ohun tó so mọ́ ọn náà yóò dúró dè é. Ọdún mẹ́rin di márùn-ún nítorí ibà tó mú un lọ́jọ́ ìdánwò kan.

Ẹ bi ara yín nípa ìsokọ́ra kọ̀ọ̀kan pé: ṣé lóòótọ́ ni ọmọ ò lè lóye èyí láìṣe tọ̀hún? Dátábéèsì ò nílò COS 202. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò nílò èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ já gbogbo ìsokọ́ra tí ẹ fi síbẹ̀ nítorí àṣà lásán. Èyí tó bá kù tó sì gùn, ẹ ṣètò kí wọ́n lè tún un ṣe ní sẹ̀mẹ́sítà kejì. Ẹ rántí ìyanṣẹ́lódì ASUU ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọmọ tó wà ní 100 level nígbà yẹn padà wá láì rántí bí wọ́n ṣe ń kọ loop, ìyẹn kóòdù tó ń tún ohun kan ṣe léraléra. Ọ̀sẹ̀ méjì àtúnyẹ̀wò níbẹ̀rẹ̀ COS 201 kò pọ̀ jù.

Àwọn tó gba Direct Entry náà wà níbẹ̀. 200 level ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn ò bá wa ṣe COS 102. Kí ẹ̀ka pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ bóyá wọ́n á gbà á pẹ̀lú àwọn 100 level tàbí wọ́n á ṣe kíláàsì ìsinmi fún wọn.

Báwo la ṣe ń kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa mọ̀ lẹ́yìn kọ́ọ̀sì?

Kí ẹ kọ ohun tó lè ṣe. Ìtọ́sọ́nà IT2017 dára fún èyí: ó pín IT sí agbègbè mẹ́wàá tó jẹ́ dandan, lára wọn ni ààbò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bíbójú tó dátà, wẹ́ẹ̀bù àti fóònù, àti bí ènìyàn ṣe ń lo ẹ̀rọ. Ó ní kí wọ́n wo ìmọ̀, ọgbọ́n ọwọ́ àti ìwà pọ̀, kí wọ́n má fi ìmọ̀ nìkan díwọ̀n. “Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní òye nẹ́tíwọ́ọ̀kì” kì í ṣe nǹkan. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Tí wọ́n bá fún un ní ọ́fíìsì mẹ́ta àti ráútà méjì, yóò pín àdírẹ́sì IP, yóò so wọ́n pọ̀, yóò wá ibi tí ó ti já tí olùdánwò bá já a, yóò sì ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún akọ̀wé tí kò mọ kọ̀ǹpútà.” Ìdánwò kọ́ọ̀sì náà ti jáde nínú gbólóhùn yẹn.

Olùkọ́ mélòó la nílò?

Olùkọ́ kan sí akẹ́kọ̀ọ́ ogún ni ìwọ̀n NUC. Akẹ́kọ̀ọ́ 200 ní ìpele mẹ́rin jẹ́ 800, ìyẹn olùkọ́ 40. NUC tún ń wo bí wọ́n ṣe pín: nǹkan bí ìdá 20 Ọ̀jọ̀gbọ́n, 35 Senior Lecturer, 45 àwọn tó kù. Ẹ̀ka tó ní olùkọ́ mọ́kànlá tó fẹ́ gba 200, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí ìbéèrè nípa yàrá kọ̀ǹpútà.

SIWES ńkọ́?

ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ló dá a sílẹ̀ ní 1973, ó sì ṣì dára, bí ẹ̀ka bá mú un ní ọ̀kúnkúndùn. Mo mọ ọmọ kan tó lo gbogbo SIWES rẹ̀ nídìí fótókópì ní ọ́fíìsì ńlá kan. Logbook rẹ̀ kún, wọ́n buwọ́ lù ú, ó sì gba A. Kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀, kí ẹ̀ka fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ojú kan tó sọ fún ọ̀gá ibi iṣẹ́ ohun tí ọmọ náà ti lè ṣe àti ohun mẹ́ta tó yẹ kó bá wọn ṣe. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í ṣe ìkà, wọn ò kàn mọ ohun tí wọ́n lè fún un ṣe ni.

Ọmọ ń fi ChatGPT ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ṣé ká fòfin dè é?

Ẹ ò lè mú un. Ẹ jẹ́ kó lò ó, kó sì wá síwájú yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ yí ìlà kan padà nínú kóòdù náà kí ẹ ní kó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Èyí gba àkókò olùkọ́, torí náà ó gbọ́dọ̀ wọ ìṣirò tí ẹ ṣe lókè.

Ṣé ká fi ìwé ẹ̀rí Cisco tàbí Microsoft sínú dìgírì?

Ẹ lo ìwé wọn àti irinṣẹ́ wọn tó bá wúlò. Ẹ má sọ ìdánwò wọn di dandan, dọ́là ni wọ́n ń fi san án.

Kí ni ọmọ mi máa ṣe ní JAMB?

Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Físíìsì, pẹ̀lú ọ̀kan sí i. Ẹ wo brochure JAMB fún yunifásítì tí ẹ yàn. Ọmọ tí kò ní kírẹ́díìtì Físíìsì, kó tún WAEC tàbí NECO ṣe kó tó ra fọ́ọ̀mù.

Ta ló ń fọwọ́ sí i, ìgbà wo la sì lè gba akẹ́kọ̀ọ́?

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka, lẹ́yìn náà fákọ́tì, lẹ́yìn náà Sẹ́nétì. Lẹ́yìn ìyẹn ni NUC yóò wá wo ohun tí ẹ ní: olùkọ́, yàrá, ìwé, ẹ̀rọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ tó gba ọmọ kankan. Nígbà tí ètò bá ti ń lọ, wọ́n á wá fún accreditation, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí ètò náà. Ẹni tó bá gba èyí tó pé ní ọdún márùn-ún; ẹni tó gba ti ìgbà díẹ̀ ní ọdún méjì láti tún ohun tó kù ṣe. CPN, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1993 láti máa ṣàkóso iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, náà ń ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀, torí náà ẹ fi ẹ̀dà ìwé yín pa mọ́ dè wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá dé, ẹ tan gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà nínú yàrá, kì í ṣe àwọn tó wà nítòsí ilẹ̀kùn nìkan. Wọ́n máa ń rìn dé ẹ̀yìn.